Ìlú Ńlá, Ìgbèríko, àti Omi tí ó Wà Láàárín Wọn

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ọmọ ìlú wa sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Festac)

  

Nígbà tí akọ̀wé wa kọ ìwé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìlera àwọn ará ìlú ńlá àti ti àwọn ará ìgbèríko, ó fi kún un pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni kí a fi sọ ọ́. Akọ̀wé mọ olùkọ́. Àwa olùkọ́ a máa gbàgbé pé agogo ti lù.

Bí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ìgbèríko, ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa a lọ sí ọ̀nà jíjìn: abúlé kan lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn, tàbí oko kan ní ìhà Òkè-Ògùn. A kì í rò pé ìgbèríko lè wà ní ibi tí ènìyàn ti ń rí iná èbúté Apápá lálẹ́ bí ó bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ìlú wa wà. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ní apá ìhín omi ni Festac, Mile 2, Satellite Town àti Kirikiri wà. Ní apá ọ̀hún ni Tomaro wà, àti Igbologun tí àwọn òyìnbó ń pè ní Snake Island, àti Irede, Ilashe, Ibeshe, pẹ̀lú àwọn ìletò tí Àwórì, Ègùn àti Ìlàjẹ ti jọ ń pẹja láti ìgbà àwọn bàbá wa. Inú ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wa wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ ìlú ńlá àti ìgbèríko kò ní láti rìnrìn àjò jìnnà. Kí ó sọ̀ kalẹ̀ sí èbúté ni.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí Festac ti ṣe di ìlú, nítorí àwọn ọmọ wa kékeré rò pé ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní ọdún 1966 ni wọ́n ṣe àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé àkọ́kọ́ ní Dakar. Nígbà tí ó kan Nàìjíríà láti ṣe èkejì, ìjọba àpapọ̀ kọ́ ìlú tuntun kan sórí ilẹ̀ Àwórì níhìn-ín kí àwọn àlejò lè rí ibi wọ̀ sí. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kínní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977 ni wọ́n fi ṣe àjọ̀dún náà, àwọn ènìyàn sì wá láti orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 50. Ilé tí ó lé ní 5,000 ni ìjọba kọ́. Kì í sì í ṣe ilé nìkan: wọ́n la títì ńlá méje, wọ́n ri ọ̀pá omi mọ́lẹ̀, wọ́n ri ọ̀pá tí yóò máa kó ẹ̀gbin gbogbo ìlú lọ sí ojú kan, wọ́n fa iná. Nígbà tí àjọ̀dún parí, wọ́n ṣẹ́ gègé, ẹni tí gègé bá sì mú a kó ẹrù rẹ̀ wọlé.

Àwọn bàbá wa ní òdìkejì rí i bí iná náà ti ń tàn. Ẹnikẹ́ni kò kórìíra wọn. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wa. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé a kò rántí wọn. Nígbà tí a ń ya àwòrán ìlú tuntun náà, etí omi ni ìlà tí a fà parí sí. Títí di òní olónìí, bí ọ̀rọ̀ ìlera wa ti rí náà nìyẹn.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, iléeṣẹ́ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀ gbé ìwé kan jáde lórí òṣì. Wọn kò fi owó ọwọ́ nìkan wọn òṣì. Wọ́n wo ìlera, ẹ̀kọ́, iṣẹ́, irú ilé tí ènìyàn ń gbé àti irú omi tí ó ń mu. Wọ́n rí i pé mílíọ̀nù 133 ènìyàn ni òṣì náà dè mọ́lẹ̀, èyí tí í ṣe 63 nínú 100. Ní ìgbèríko, 72 nínú 100 ni. Ní ìlú ńlá, 42. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe jákèjádò orílẹ̀-èdè ní ọdún 2018 sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà: nínú 100 ọmọ tí a bí ní ìlú ńlá, 61 ni a bí sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ní ìgbèríko, 26 péré ni.

Nísinsin yìí, ẹ fún wa ní etí yín dáadáa. Nínú ìwé ọdún 2022 yẹn, Ìpínlẹ̀ Èkó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí òṣì kéré sí jù lọ, nǹkan bí 29 nínú 100. Ẹni tí ó bá ń ka ìwé náà ní Àbújá yóò mí kanlẹ̀, yóò ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ti Èkó dára," yóò sì ṣí ojú ewé mìíràn. Ìbéèrè tiwa ni pé, ibo ni wọ́n ka àwa sí? Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 318,166 ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ẹni tí ó ń gbé First Avenue àti ẹni tí ó ń gbé ahéré ní etí òkun, inú iye kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Bí a bá da ìkòkò omi iyọ̀ kan sínú àmù omi dídùn mẹ́wàá, ẹni tí ó bá tọ́ ọ wò lè má mọ̀ pé iyọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ìkòkò náà mọ ohun tí òun ń mu nílé. Ará oko tí ó wà nínú ìlú ńlá ni wá. Bí wọ́n bá ń pín ìrànlọ́wọ́ fún ìgbèríko, wọn a ní Èkó ni wá. Bí wọ́n bá sì ń tún Èkó ṣe, wọn a ní ọ̀dọ̀ wa jìnnà.

A ó sọ ohun tí ojú wa rí. Ní ọdún 1999, a jẹ́ olùkọ́ ní ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù wọ̀nyí. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí a jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ní òru ọjọ́ kan, wọ́n kan ilẹ̀kùn wa. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì wa ti bímọ láti ìrọ̀lẹ́. Ọmọ yè, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá kò dá. Ìdí tí wọ́n fi wá sọ́dọ̀ olùkọ́ ni pé olùkọ́ ni ó ní tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára. Ìyá àgbà tí ó gbẹ̀bí ti ṣe gbogbo ohun tí ó mọ̀, ó sì ń sunkún. Àwọn ọkùnrin ilé ń jiyàn bóyá kí a dúró di àfẹ̀mọ́júmọ́, nítorí ọkọ obìnrin náà wà lójú omi, ẹnìkan kò sì fẹ́ pàṣẹ lórí ìyàwó oníyàwó. Nǹkan bí wákàtí kan kọjá nínú iyàn yìí. Nígbà tí a gbà pé kí a lọ, a rí ọkọ̀ tí ó ní ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kò sí epo nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré kan kọjá. Ní èbúté, kò sí mọ́tò. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí iná wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n béèrè owó àsansílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan aláìsàn. A da gbogbo ohun tí ó wà lápò wa sórí tábìlì; kò tó. Kí àfikún tó dé, ilẹ̀ ti mọ́, ìyá náà sì ti kọjá lọ.

Ní ọdún 1994, àwọn onímọ̀ méjì kan, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdádúró mẹ́ta ni ó ń pa abiyamọ: ìdádúró kí ilé tó pinnu, ìdádúró lójú ọ̀nà, àti ìdádúró nínú ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Nígbà tí a ka èyí lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó dà bí ẹni pé àwọn obìnrin náà wà nínú ọkọ̀ wa ní òru ọjọ́ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dà lẹ́yìn ìbímọ lè pa obìnrin tí ara rẹ̀ le láàárín nǹkan bí wákàtí méjì. Iyàn nìkan ti jẹ ìdajì rẹ̀.

Ohun kan ti yí padà láti ìgbà náà, ó sì tọ́ kí a sọ ọ́. Fóònù alágbèéká dé ní ọdún 2001, nítorí náà ọkọ tí ó wà lójú omi lè fọhùn. Ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ fún abiyamọ àti ọmọdé ti wà ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin báyìí. Ní ọdún 2018 ni ètò ìbánigbófò Ìlera Èkó bẹ̀rẹ̀, tí ènìyàn fi lè san owó kékeré sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n àṣẹ ìjọba ni pé kí ọkọ̀ èrò má ṣe rìn lórí omi lálẹ́. A kò lè bá ìjọba jà lórí èyí, nítorí àwọn tí omi ti gbé lọ pọ̀. Ọmọ tí ó fẹ́ wáyé ní agogo méjì òru kò sáà mọ àṣẹ. Àti pé ẹ̀yin tí ẹ wà níhìn-ín, mélòó nínú àwọn ará ilé yín ní òdìkejì ni ẹ ti bá fi orúkọ sílẹ̀ sínú Ìlera Èkó? Ẹ má dá wa lóhùn o. Ẹ kàn rò ó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé a ń sọ pé ọ̀run ni Festac. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibẹ̀ mọ̀ pé ọ̀pá ẹ̀gbin tí wọ́n rì nígbà náà ti dí ní ọ̀pọ̀ ibi, pé omi ọlọ́kọ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń rà, pé títì mìíràn ti di ọ̀gọ̀dọ̀. Àìsàn ìlú ńlá ní irú tirẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, èéfín jẹnẹrétọ̀, àti ikọ́ ẹ̀gbẹ níbi tí ènìyàn mẹ́fà bá ń sùn nínú yàrá kan. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020 kò jìnnà sí wa, ọjọ́ tí ìbúgbàù ṣẹlẹ̀ ní Abúlé-Adó, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 20, tí ó sì wó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin Bethlehem lulẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, Sister Henrietta Alokha, kú síbẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti ń kó àwọn ọmọ jáde. Àwa olùkọ́ kì í gbàgbé orúkọ yẹn.

Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí ìṣòro bá dé sí ìlú ńlá, ìjọba a máa gbọ́. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó ní ọdún 1924, kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi dá ìgbìmọ̀ àtúnṣe ìlú sílẹ̀, ní ọdún 1928. Láti ọdún 1955 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Surulere. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ kò dúpẹ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ìjọba rí wọn. Eku tí ó kú ní àárín Èkó, àwọn aláṣẹ a gbóòórùn rẹ̀. Ikú ti òdìkejì omi kì í ní òórùn tí ó lè sọdá.

Nítorí náà ni a fi fẹ́ sọ fún yín nípa Ìmẹ̀sí-Ilé. Dókítà òyìnbó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Morley ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà láti ọdún 1956 títí di 1961. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú kékeré kan lórí òkè, ó rí i pé ọmọdé ń kú, a kò sì mọ̀ pé wọ́n ń ṣàìsàn títí tí ó fi bọ́ sórí. Ó dá ibi ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Kì í ṣe dókítà ni ó ń dúró síbẹ̀ lójoojúmọ́ o. Àwọn nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n sì ń fi àmì ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì. Bí ìlà orí káàdì náà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá dúró lójú kan, nǹkan kan ń ṣe é, bí ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ọmọ ni ó ń tọ́jú káàdì náà sílé. Àwọn kan rò pé yóò sọ ọ́ nù, kò sì sọ ọ́ nù. Láti orí òkè Ìmẹ̀sí-Ilé ni káàdì yẹn ti di ohun tí wọ́n ń lò káàkiri ayé. Ìlú kékeré kan tí kò ní ju bébà, òṣùwọ̀n àti nọ́ọ̀sì tí ó sùn síbẹ̀, òun ni ó kọ́ àwọn ìlú ńlá lẹ́kọ̀ọ́.

Irú ọ̀nà yìí náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti tẹ̀ lé nígbà tí ó jẹ́ mínísítà ìlera láti ọdún 1985 títí di 1992: pé kí ìtọ́jú kọ́kọ́ wà ní ìdí ilé, kí ó tó wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sì ní kí wọ́n yọ ó kéré tán náírà kan nínú 100 náírà owó àpapọ̀ ti ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Owó wà nínú ìwé. Ẹni tí kò bá ní ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́ ni kò ní rí i gbà.

Alága, ibi tí a ti lè bí àwọn kan nínú ni a dé yìí. Ọdún mélòó kan rèé tí ẹgbẹ́ wa ti ń dá owó jọ fún gbọ̀ngàn ìlú. A wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dá a. A ti rí àwòrán rẹ̀, ó lẹ́wà, ó ní òpó mẹ́rin níwájú. Ṣùgbọ́n ilé ìlera tí ó wà nílùú wa, nọ́ọ̀sì rẹ̀ ń bá ọkọ̀ àárọ̀ wá, ó sì ń bá ọkọ̀ ọ̀sán padà, nítorí kò sí ibi tí yóò sùn. A kò dá a lẹ́bi. Ẹ wá wo yàrá tí wọ́n fi hàn án. Bí ó bá ti kúrò níbẹ̀, ilé ìlera náà di ilé àdán títí di ọjọ́ kejì, lọ́jọ́ Sátidé àti Sunday ńkọ́? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa àgbà ọjà náà nìyí, a jókòó, a ń yan àwọ̀ tí a ó fi kun òpó mẹ́rin.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a dá gbọ̀ngàn dúró ná, kí a fi owó tí ó wà nílẹ̀ kọ́ ilé oníyàrá méjì fún nọ́ọ̀sì, kí ó ní iná tí oòrùn ń gbé àti táńkì tí yóò gba omi òjò, nítorí kànga ibẹ̀ níyọ̀. Kí a ra ọkọ̀ kan tí ó ní ẹ́ńjìnnì, iná ìríran àti ẹ̀wù ààbò, kí a san owó fún awakọ̀ kan tí yóò máa sùn sí ìlú, kí a sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ojú omi pé ọkọ̀ yìí lè rìn lóru nítorí aláìsàn nìkan. Kí epo rẹ̀ wà nínú yàrá tí a ti pa, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Kí àwọn baálé ilé pàdé lọ́jọ́ kan, kí wọ́n fẹnu kò pé bí nọ́ọ̀sì bá ti ní kí a gbé obìnrin lọ, a kò dúró de ọkọ, a kò dúró de ẹ̀gbọ́n ọkọ. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí kò ní ná wa ní kọ́bọ̀, òun ni yóò sì le jù láti ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Houston àti ibòmíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí olùkọ́ yín àtijọ́. Lọ́dọọdún ni ẹ ń kó dókítà wá, tí ẹ ń ta àgọ́ sílẹ̀, tí ẹ ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ìyá wa, tí ẹ ń pín gíláàsì ojú. Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣùgbọ́n ìyá tí ẹ sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, oògùn ọjọ́ 14 ni ẹ fún un, ọdún kan ni kí ẹ tó padà wá. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ẹnìkan péré lè san Ìlera Èkó fún agbo ilé mélòó kan. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi oògùn ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì fẹ́ pé.

Ní ti ìwé, a kò dúró de ẹgbẹ́. A ti ra ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan, a sì ti fa ìlà sí i: ọmọ tí a bí, ọjọ́, wákàtí, ibi tí a bí i sí, ìwọ̀n rẹ̀, ẹni tí ó kú, ọjọ́ orí rẹ̀, ohun tí ó ṣe é, àti iye wákàtí tí ó wà láàárín ìgbà tí a kígbe àti ìgbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan, a ó da ẹ̀dà rẹ̀ kọ, a ó fi ọ̀kan fún ìjọba ìbílẹ̀, a ó fi ọ̀kan fún ìpínlẹ̀, a ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ọdọọdún yìí kí gbogbo yín lè kà á. Ìlú tí wọn kò kà lè ka ara rẹ̀. Ìyá tí a gbé kọjá omi ní ọdún 1999, òun ni a kọ sí ìlà àkọ́kọ́. A kò kọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ a kọ wákàtí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó wà níbẹ̀ báyìí ti gbà láti máa bá wa kọ ìyókù, láàárín ọkọ̀ àárọ̀ àti ọkọ̀ ọ̀sán.

Alága, a rí i pé akọ̀wé ti ń wo agogo.